Súẹ́sì, Cape, tàbí ojú yìnyín Rọ́ṣíà: ọ̀nà wo ni kí ẹrù yín gbà?

Ní ọ̀sẹ̀ tí ọkọ̀ Istanbul Bridge gúnlẹ̀ sí èbúté Felixstowe ní Ìlú Ọba, ní oṣù Kẹwàá 2025, àbúrò mi kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Lọ́ńdọ̀nù pè mí kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni. Abọ́, ṣíbí, aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti iná Kérésì ló ń tà, Ṣáínà ló sì ti ń kó wọn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ nǹkan? Ọkọ̀ kan kúrò ní Ningbo, ogúnjọ́ péré ló fi dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ní òkè Rọ́ṣíà ló gbà, níbi tí yìnyín ti ń yọ́. Ẹ bá mi wá àyè níbẹ̀."

Iṣẹ́ kílíárín ni mò ń ṣe. Ìjẹ̀bú-Òde nilé mi wà, ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ni mo sì ń gbà lọ sí èbúté Lẹ́kí nísinsìnyí tí mo bá ń sá fún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Àpápá. Láti ọjọ́ tí àbúrò mi ti pè, ènìyàn mẹ́fà míì ti bi mí ní ìbéèrè kan náà, títí kan bàbá kan ní Ṣágámù tí kò ní kọ̀ǹténà kankan lójú omi, tó kàn fẹ́ mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí n kọ́kọ́ dá àwọn kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá jẹ́ Èkó ni ẹrù yín ń bọ̀, ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Láti Shanghai sí Èkó, tí ọkọ̀ bá yípo ìsàlẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, bíi 10,000 máìlì òkun ni. Tó bá gba òkè Rọ́ṣíà lọ sí Rotterdam kó tó sọ̀ kalẹ̀ wá sílé, ó lé ní 12,000. Ta ni í ti Ìkòròdú lọ sí Ṣágámù tí yóò gba Abẹ́òkúta? Ohun tí mo mọ̀ tó ń ti ìhà yìnyín wá sí ọjà Òkè-Àje ni òkúpòrókó, Lofoten ní Nọ́wè ni wọ́n sì ti ń sá a látayébáyé, kò nílò kí yìnyín kankan yọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. (Ẹja cod tí wọ́n fi ń ṣe é ló ti ń wọ́n: 340,000 tọ́ọ̀nù ni Nọ́wè àti Rọ́ṣíà fẹnu kò sí pé kí wọ́n pa ní Òkun Barents ní 2025, èyí tó kéré jù lọ láti 1991 títí di ìgbà náà. Ẹ rántí rẹ̀ nígbà tí ìyá ọlọ́jà bá dá owó lé orí kan ṣoṣo.)

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọjà ní Ṣáínà, Kòríà tàbí Japan, tí ẹ sì ń tà á ní Lọ́ńdọ̀nù, Hamburg, Rotterdam àti agbègbè wọn ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo fi ń wọn ọ̀nà

Iye ọjọ́ ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń béèrè. Èmi kì í béèrè iye ọjọ́. Mo máa ń béèrè bóyá ọjọ́ tí wọ́n dá yóò pé. Lọ́dún kan, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan fi fìlà àti bàtà ẹgbẹ́ rán mi ní Ṣáínà. Ilé-iṣẹ́ tó ni ọkọ̀, n kò ní dárúkọ wọn, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni. Ojúde Ọba kì í dúró de kọ̀ǹténà: ọjọ́ kẹta Iléyá ni, ó parí. Ẹrù wa dé ní ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn rẹ̀. Ẹgbẹ́ wọ fìlà tí wọ́n sáré rán nílé, tiwa sì wà nínú páálí ní ìsọ̀ mi títí dòní. Tí wọ́n bá ti sọ fún mi látìbẹ̀rẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni, inú mi ì bá dùn, ǹ bá ti tètè ra ọjà.

Ìkejì ni oníbodè. Ta ló lè ní kí ọkọ̀ dúró, kí ni ó sì ń gbà kó tó jẹ́ kó kọjá? Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa kọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú ní èyí. "Ìjẹ̀bú-Òde, àjòjì ò wọ̀" kì í ṣe oríkì lásán, òwò ni. Púpọ̀ nínú ẹrù tó ń ti etí ọ̀sà lọ sí Ìbàdàn, ilẹ̀ wa ló ń gbà, àwọn baba wa kò sì jẹ́ kí àlejò gba ibẹ̀ fúnra rẹ̀: a ó rà á lọ́wọ́ ará ìsàlẹ̀, a ó tà á fún ará òkè, àárín méjèèjì lèrè wà. Torí ìbodè yẹn ni Carter, gómìnà Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, fi rán ọmọ ogun wá, tí ìjà Ìmàgbọn fi wáyé ní oṣù Karùn-ún 1892. Ẹni tí baba rẹ̀ ti ṣe oníbodè rí yẹ kó mọ̀ pé ọ̀nà tó kúrú jù lọ ni oníbodè rẹ̀ máa ń gbójú jù lọ.

Ìkẹta, kọ̀ǹténà mélòó ló ń pín owó ọkọ̀ náà? Ìkẹrin, tí nǹkan bá bàjẹ́, adójútòfò yóò ha sanwó bí?

Súẹ́sì

Láti 1869 lọ̀nà yìí, ọ̀nà omi tí wọ́n gbẹ́ la ilẹ̀ Íjíbítì kọjá, ti wà, 193 kìlómítà, Íjíbítì ló ni ibodè rẹ̀. Bíi 10,500 máìlì òkun ni láti Shanghai sí Rotterdam, ọjọ́ 30 sí 40 ní ìbámu pẹ̀lú iye èbúté tí ọkọ̀ bá yà sí. Nígbà tí ayé rọgbọ, n kì í ronú lẹ́ẹ̀mejì kí n tó júwe rẹ̀. Owó ibodè ọkọ̀ ńlá kan lè tó ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún dọ́là, ṣùgbọ́n tí kọ̀ǹténà 20,000 bá pín in, ó di owó tí ojú lè wò.

Àbùkù rẹ̀ ni pé ojú kan ni gbogbo ayé ń rọ́ gbà. Ní oṣù Kẹta 2021, Ever Given, ọkọ̀ tó gùn ní 400 mítà, dábùú ibẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà, ọkọ̀ tó ju 300 lọ sì tò sẹ́yìn. Ìyẹn tilẹ̀ sàn. Láti oṣù Kọkànlá 2023 tí àwọn Houthi, àwọn ajagun Yemen, ti gba ọkọ̀ Galaxy Leader ní Òkun Pupa, owó adójútòfò ogun tí kò tó ìdá 0.1 nínú 100 iye ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ gùn dé nǹkan bí 0.7 sí 1 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Ní oṣù Keje 2025, wọ́n ri ọkọ̀ méjì, Magic Seas àti Eternity C, láàárín ọjọ́ díẹ̀ síra wọn. Títí di ìparí 2025, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá kò tíì padà síbẹ̀ tán. Bí ejẹ́ǹtì yín bá sọ pé Súẹ́sì ni ọkọ̀ òun ń gbà, ẹ ní kó fi hàn yín nínú ìwé pé adójútòfò ẹrù yín gba ewu ogun mọ́ra. Bí kò bá lè fi hàn, ẹ kọjá.

Cape, ìsàlẹ̀ Gúúsù Áfíríkà

Ó jìnnà. Bíi 13,800 máìlì òkun, ọjọ́ 10 sí 14 ni ó sì fi ju Súẹ́sì lọ. Epo tí ọkọ̀ ń sun níbẹ̀ kò kéré, ìjì oṣù Kẹfà sí Kẹjọ sì burú: ní oṣù Keje 2024, CMA CGM Benjamin Franklin sọ kọ̀ǹténà 44 nù sínú omi létí Gúúsù Áfíríkà.

Àmọ́ kò sí oníbodè. Kò sẹ́ni tí yóò béèrè ìwé-àṣẹ, kò sẹ́ni tí yóò ti ilẹ̀kùn. Gbogbo oṣù ló ṣí, ọkọ̀ ńláńlá ń gbà á, ọjọ́ tí wọ́n bá dá sì máa ń sún mọ́ òtítọ́. Ẹni tó bá mọ̀ pé ọjọ́ 50 ni, yóò tètè rà, yóò sì sùn.

Òkè Rọ́ṣíà

Ibi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí nìyí, torí òun ni gbogbo yín ń béèrè.

Láti ẹnu Òkun Kara dé ọrùn omi Bering, bíi 5,600 kìlómítà ni ọ̀nà náà fi tọ etí òkè Rọ́ṣíà. Ẹni tó bá gbà á láti Shanghai sí Rotterdam yóò rin bíi 8,000 máìlì òkun, ìyẹn ni pé ó gé 2,500 kúrò lára ti Súẹ́sì. Agbègbè yẹn ń gbóná ju ibòmíràn láyé lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án 2012, yìnyín ojú Òkun Árktìkì sún kì dé bíi 3.4 mílíọ̀nù kìlómítà onígun mẹ́rin, kò sì tíì kéré tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi sátẹ́láìtì wọ̀n ọ́n ní 1979. Èyí ló ń jẹ́ kí wọ́n máa sọ pé ọ̀nà ti là.

Ọ̀nà là, lóòótọ́, fún oṣù mélòó? Láti oṣù Keje tàbí Kẹjọ títí dé Kẹwàá, bóyá ìbẹ̀rẹ̀ Kọkànlá, fún irú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó kọ̀ǹténà wa. Yìnyín tó ń yọ́ kì í sì í tan: ó ń ṣí kiri, ìkùukùu ń bò ó, ó sì lè padà lójijì. Ní oṣù Kọkànlá 2021, omi dì ṣáájú ìgbà tí wọ́n retí, ọkọ̀ tó lé ní 20 há sí Òkun Laptev àti Òkun Ìlà-oòrùn Siberia, àwọn kan retí ọkọ̀ afọ́yìnyín fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ wá fi kàlẹ́ńdà wa sí i. Ojúde Ọba 2025 bọ́ sí oṣù Kẹfà, tọdún tó tẹ̀lé e sì ń fà sẹ́yìn bí ọjọ́ 11 bíi ti gbogbo ọjọ́ Mùsùlùmí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún tó ń bọ̀, ẹrù Ojúde Ọba kò lè gba ọ̀nà yìí, àfi tí ẹ bá ti rà á lọ́dún tó kọjá. Ọjà Kérésì nìkan ni ìgbà rẹ̀ bá a mu. Istanbul Bridge gan-an, ìparí oṣù Kẹsàn-án ló kúrò ní Ningbo, ọjọ́ 18 ni wọ́n dá, ìjì létí Nọ́wè sì sọ ọ́ di ogún. Mo kí wọn. Ṣùgbọ́n ìrìn-àjò kan kọ́ ni à ń pè ní ọ̀nà.

Oníbodè ńkọ́? Rọ́ṣíà ni, kò sì fi bò. Láti 2018 ni ìjọba wọn ti fi ọ̀nà náà sábẹ́ Rosatom, ilé-iṣẹ́ átọ́míìkì ìjọba. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé-àṣẹ kó tó wọlé. Bí ara rẹ̀ bá ṣe le sí fún yìnyín, bó ṣe tóbi tó, oṣù tó jẹ́ àti iye agbègbè tó fẹ́ là kọjá ni wọ́n máa fi pinnu bóyá ọkọ̀ afọ́yìnyín gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀ àti iye tí yóò san. Àwọn nìkan láyé ló ní ọkọ̀ afọ́yìnyín tó ń fi iná átọ́míìkì rìn: Arktika bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2020, Sibir àti Ural tẹ̀lé e. Bàbá àgbà mi ì bá fẹ́ràn wọn. Ẹ ṣe ibodè, ẹ sì tún ni ìlẹ̀kùn, ẹ tún ni ẹsẹ̀ tí àlejò máa fi rìn kọjá.

Láti ìgbà tí ogun Ukraine ti gbóná ní 2022, owó tó bá kan Rọ́ṣíà ti di ohun tí báńkì Ìlú Ọba ń fi ojú àrùn wò. Ẹni tó ní àkáǹtì ní Lọ́ńdọ̀nù gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ báńkì rẹ̀ àti adójútòfò rẹ̀ kó tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Kó má jẹ́ pé ẹrù dé lógúnjọ́, kí owó sì há fún oṣù mẹ́ta.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ bí ọkọ̀ ṣe tóbi tó. Omi kò jìn ní àwọn ibì kan lójú ọ̀nà yẹn. Ní ọrùn omi Sannikov, bíi mítà 13 ni. Ọkọ̀ tó lè kọjá níbẹ̀ kéré: Istanbul Bridge kò lè kó tó kọ̀ǹténà 5,000, nígbà tí Ever Given ń kó 20,124. Kò tún sí ọjà lọ́nà. Ọkọ̀ Súẹ́sì ń yà sí Singapore, Colombo, ó ń sọ, ó ń gbé. Èyí dà bí bọ́ọ̀sì tó ti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ọjọ́ta tí ẹnì kan kò sọ̀ ní Ṣágámù, tí ẹnì kan kò sì wọ̀ ní Mọ́wé. Àwọn èrò inú rẹ̀ nìkan ni yóò san gbogbo epo. Epo tó dín kù láti ara ìrìn kúkúrú, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń bá lọ.

Ẹ sì béèrè ohun tí wọ́n la ọ̀nà náà fún. Kì í ṣe fún abọ́ àti aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ní 2024, bíi 37.9 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù ẹrù ló gbà á, gáàsì Yamal tí wọ́n ń gbé jáde ní Sabetta, epo rọ̀bì àti níkẹ́ẹ̀lì Norilsk tó ń gba Dudinka ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ohun tí ìjọba wọn pinnu fún ọdún náà ni 80 mílíọ̀nù. Ẹrù tó ń ti ilẹ̀ mìíràn kọjá lọ sí ilẹ̀ mìíràn kò ju bíi mílíọ̀nù 3 lọ. Ọ̀nà tí wọ́n la láti kó ohun inú ilẹ̀ jáde, ẹni tó ni ohun inú ilẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá lóhùn. Ọ̀dà wà nínú ilẹ̀ wa náà, ní apá Ìjẹ̀bú Ìlà-oòrùn àti Ògùn Wọ́tásàìdì. Bí wọ́n bá là ọ̀nà dé ibẹ̀ lọ́la, ẹ rò pé torí ẹlẹ́fọ̀ọ́ ni? Lọ́jọ́ tí yìnyín bá ki, tí ọkọ̀ afọ́yìnyín kan ṣoṣo wà nítòsí, tí ọkọ̀ gáàsì àti ọkọ̀ iná Kérésì jọ ń dúró, mo mọ ẹni tí n ó fi owó mi ta tẹ́tẹ́ lé.

Ewu ilẹ̀ náà tún wà níbẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 2020, àgbá epo kan ya ní Norilsk, epo dísẹ́ẹ̀lì bíi 21,000 tọ́ọ̀nù sì dà sínú ilẹ̀ àti odò. Àjọ òkun àgbáyé ti fòfin de epo dúdú wúwo lójú omi Árktìkì láti July 1, 2024, àmọ́ wọ́n yọ̀ǹda fún àwọn ọkọ̀ kan títí di 2029. Àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ yín ní Lọ́ńdọ̀nù lè má bìkítà, àwọn ilé ìtajà ńlá ń bìkítà, àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ńlá náà sì ń bìkítà: láti 2019 ni CMA CGM, MSC àti Hapag-Lloyd ti sọ pé ọkọ̀ àwọn kò ní gba ọ̀nà náà. Maersk, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ mìíràn, dán an wò ní 2018, ọkọ̀ wọn Venta Maersk kó ẹja dídì láti Vladivostok lọ sí St. Petersburg, wọ́n sì sọ pé àwọn kò rí i bí ọ̀nà tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó wà. Tí ẹ bá ń ta ọjà fún ilé ìtajà ńlá kan, ẹ kọ́kọ́ ka ìwé àdéhùn yín, kó má jẹ́ pé wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀.

Òkè Kánádà, àti àwọn yòókù

N kò ní pẹ́ níbí. Àwọn erékùṣù òkè Kánádà ni ọ̀nà kejì gbà. Amundsen ló kọ́kọ́ fi ọkọ̀ là á já, láti 1903 sí 1906. Ní 2013, Nordic Orion kó èédú láti Vancouver lọ sí Pori ní Finland, ó sì kó jù bí ìbá ti kó gba Panama lọ torí omi jìn fún un. Èédú nìyẹn, kò sẹ́ni tó ń dá ọjọ́ fún èédú. Yìnyín àtijọ́ tó le bí àpáta ń ṣí wọ àwọn ọ̀nà tóóró náà, ibi púpọ̀ ni wọn kò sì tíì wọn jíjìn omi rẹ̀ dáadáa. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, Thamesborg, ọkọ̀ Netherlands tó ti Ṣáínà bọ̀, há sórí ilẹ̀ abẹ́ omi ní ọ̀nà tóóró Franklin. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí wọ́n tó yọ ọ́. Kánádà sì ní omi inú ilé òun ni, Amẹ́ríkà ní gbogbo ayé ló ni ín. Ẹ fi àwọn méjèèjì sílẹ̀.

Ọ̀nà àárín Póòlù Àríwá gan-an, tí ọkọ̀ ìwádìí Ṣáínà Xuelong gbà ní 2012, kò tíì sí ẹni tó ń tà á fún oníkọ̀ǹténà. Rélùwéè láti Ṣáínà gba Kazakhstan àti Rọ́ṣíà wọ Póláǹdì yá, ó sì wọ́n, ṣùgbọ́n Póláǹdì ti ẹnubodè rẹ̀ pẹ̀lú Belarus fún bí ọ̀sẹ̀ méjì ní oṣù Kẹsàn-án 2025, ẹrù sì jókòó sórí irin. Oníbodè náà ni.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò ṣeé sún, bí aṣọ ẹgbẹ́, ọjà ìgbéyàwó, ohunkóhun tí wọ́n ti gbowó rẹ̀: Cape, kó sì rà á ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. Ẹni tó ń ta ẹrù wúwo tí èrè orí rẹ̀ kéré, bí abọ́ àti táìlì: Cape náà. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá lè pa òwò yín, òwò yẹn ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀.

Súẹ́sì wà fún ẹni tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ ti padà síbẹ̀ lóòótọ́, tó sì ní ìwé adójútòfò lọ́wọ́. Nígbà tí Òkun Pupa bá rọ̀ pátápátá, ẹ gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ nípa Cape, kí ẹ padà sí Súẹ́sì.

Òkè Rọ́ṣíà wà fún irú ènìyàn kan ṣoṣo: ọjà rẹ̀ kéré, ó níye lórí, Kérésì ni yóò tà á, yóò kúrò ní Ṣáínà kí oṣù Kẹsàn-án tó parí, báńkì rẹ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀ ni, tí kọ̀ǹténà náà bá sì há sínú yìnyín di ọdún tó ń bọ̀, yóò ṣì jẹun. Ẹ má fi gbogbo ọjà ọdún kan síbẹ̀.

Àbúrò mi gbọ́ gbogbo èyí, ó dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù. Lẹ́yìn náà ó ní kí abọ́ àti ṣíbí gba Cape, kí n wá bá òun béèrè àyè kọ̀ǹténà kan péré fún iná Kérésì lójú yìnyín. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ rí báńkì rẹ̀. Kò tíì pè mí padà.